Yíyí Ọ́ìlì Ọkọ̀ Padà Nílé Láì Wọ Abẹ́ Ọkọ̀

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé lónìí, bí a bá yọ ilé tí à ń gbé kúrò, kò sí ohun ìní kan tí ó gba owó lọ́wọ́ wa tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Òun ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun ni ó ń ru ẹrù ìyá wá láti ọjà, òun náà sì ni àwọn mìíràn nínú wa fi ń ṣe kábúkábú ní ìrọ̀lẹ́ kí owó ilé-ìwé lè pé. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tí ó ni ọkọ̀ léèrè pé, "Irú ọ́ìlì wo ni ó wà nínú ẹ́ńjìnì yín? Lítà mélòó ni ó ń gbà? Ìgbà wo ni ẹ yí i padà kẹ́yìn?" Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mẹkáníìkì wa ni kí ẹ bi."

A kò sọ èyí láti bu àwọn mẹkáníìkì kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ wọn nínú oòrùn àti nínú òjò, tí a kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ́ńjìnì kì í gbọ́ àwáwí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀pá ńlá tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì a máa yí ju ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ọ́ìlì tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí ènìyàn lọ ni ó sì wà láàárín irin àti irin tí kò jẹ́ kí wọn máa họ ara wọn. Bí ọ́ìlì náà bá lọ sílẹ̀ jù, tàbí tí ó gbó títí tí ó fi di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò nọ́ọ̀kì. Owó tí a ó fi ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ mìíràn kì í sì í ṣe owó tí ìdílé ń rí he nílẹ̀.

Kí ni kò wá jẹ́ kí àwọn tí ó ni ọkọ̀ máa fi ọwọ́ ara wọn yí ọ́ìlì padà? Ìdí pàtàkì kan ni pé abẹ́ ọkọ̀ ni nọ́ọ̀tì tí a ń tú wà, ní ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ irin tí ọ́ìlì ń kó sí lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Ẹni tí yóò tú u ní láti fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó sì ra wọlé. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè ṣe é. Ìyá tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ kò fẹ́ ṣe é, a kò sì dá a lẹ́bi.

Ewu tún wà níbẹ̀. Jáàkì tí ó wà nínú búùtù ọkọ̀, pípààrọ̀ táyà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, wọn kò ṣe é kí ènìyàn lè sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ó lè yẹ̀ nígbàkúùgbà. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́ ilé tún burú ju jáàkì lọ, nítorí pé ó lè fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà láì fún ènìyàn ní àmì kankan. A ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó to búlọ́ọ̀kù méjì lé ara wọn, tí ó gbé ọkọ̀ lé e, tí ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fà á jáde ní kíá. Bí ó bá di dandan kí ènìyàn wọ abẹ́ ọkọ̀, àfi kí a gbé ọkọ̀ náà lé ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, lórí ilẹ̀ tí ó le, tí ó sì tẹ́jú.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ kan tí ó ń fa ọ́ìlì jáde láti òkè. Oil extractor ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ti ń lo irú rẹ̀, nítorí pé inú ikùn ọkọ̀ ojú omi ni ẹ́ńjìnì wọn máa ń wà, kò sì sí ẹni tí ó lè wọ abẹ́ rẹ̀ lọ tú nọ́ọ̀tì. Nísinsìnyí ó ti wà fún àwa tí ń wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń fi strọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ rántí pẹ̀lú bí àwọn kan ṣe máa ń fi ẹnu fa epo bẹntiróòlù láti inú táǹkì nígbà tí epo bá wọ́n. (A kò fọwọ́ sí fífi ẹnu fa epo o. Bí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn.) Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí ó le, tí kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, tí pọ́ǹpù ọwọ́ wà lórí rẹ̀, tí róbà gbọọrọ kan sì so mọ́ ọn. Bí a bá fa pọ́ǹpù náà ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì yóò jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní ìwúwo tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a bá gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù 1 lé orí àyè tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 tí ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1. Òun ni ó ń tẹ ọ́ìlì inú sọ́ǹpù, tí ọ́ìlì náà fi ń gba inú róbà gòkè wá sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ṣófo.

Ihò wo ni róbà yìí ń gbà wọlé? Ihò géèjì ni, ìyẹn ibi tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ọ́ìlì máa ń wà. Ìdí nìyí tí a kò fi ní wọ abẹ́ ọkọ̀ nítorí nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù. Ẹ óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ óò sì dúró lórí ẹsẹ̀ yín méjèèjì ṣe iṣẹ́ yín.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo iye lítà tí kẹ́ẹ̀gì náà lè gbà, kí ó ju iye tí ẹ́ńjìnì yín ń gbà lọ. Ẹ rà èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà lítà sí ara rẹ̀ tí ẹ lè kà láti ìta. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti lè rò lọ, a ó sì padà sórí rẹ̀.

ǸJẸ́ Ó BÁ ỌKỌ̀ YÍN MU?

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀, nítorí àwọn tí ń ta nǹkan kì í sọ apá yìí fún ènìyàn. Yíyí ọ́ìlì padà kò parí bí a kò bá pààrọ̀ fíltà ọ́ìlì, ibi tí fíltà wà ni yóò sì sọ bóyá ẹ̀rọ yìí yóò wúlò fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú Mercedes-Benz C180 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2007. Lókè ni fíltà rẹ̀ wà, níwájú ẹ́ńjìnì, lábẹ́ ìdérí dúdú kan tí a fi irinṣẹ́ bí adé ń tú. Lítà 5.5 ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ yìí lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti òkè láì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe ní òkè òkun náà sì ń lo ẹ̀rọ yìí. C240, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ V6, ń gba lítà 8, fíltà tirẹ̀ náà wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lára àwọn Mercedes kan, ihò géèjì wà, ọ̀pá géèjì ni kò sí nínú rẹ̀, ìdérí kékeré kan ni wọ́n fi dí i. Ẹ lè gba ibẹ̀ fa ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ẹ nílò ọ̀nà láti mọ iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ti àwọn BMW kan tí kò ní géèjì rárá, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń sọ iye ọ́ìlì, kò sí ihò tí róbà yóò gbà wọlé. Ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ yìí fún wọn.

Ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù ní ọgbà ìjọ wa ní ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Toyota Corolla ni, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2008. Lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnì 1.8 rẹ̀ ń gbà pẹ̀lú fíltà. Ìsàlẹ̀ ni fíltà rẹ̀ wà. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi ẹ̀rọ fa ọ́ìlì rẹ̀ tán láti òkè, ẹnìkan ṣì ní láti na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ kí ó tó lè tú fíltà. Èrò tiwa ni pé, bí ó bá jẹ́ pé Corolla kan ṣoṣo ni ẹ ní, tí mẹkáníìkì tí ó ní kòtò dáradára sì wà nítòsí, ẹ má ṣe ná owó yín sórí ẹ̀rọ yìí. Ẹ ra ọ́ìlì àti fíltà fúnra yín, ẹ gbé ọkọ̀ lọ, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ náà ti wáyé, ẹ lè fa ọ́ìlì náà fúnra yín, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì wá láti tú fíltà nìkan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà á, ẹ óò sì mọ gbogbo ohun tí ó wọ inú ẹ́ńjìnì yín. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgbà kan náà sì lè dá owó ra ẹ̀rọ kan.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún yọ ọ́, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ́ìlì dé sílẹ̀. Ẹ má ṣe fo èyí o, nítorí òun ni yóò sọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ óò rí nínú kẹ́ẹ̀gì níkẹyìn.

Ẹ tan ẹ́ńjìnì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ọ́ìlì tútù ki, kì í sì í tètè gòkè. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé sí Èkó kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò bó ènìyàn lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ róbà. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé wọn lọ, ó dára kí wọn máa wò, àti ọkùnrin àti obìnrin.

Bí ó bá jẹ́ irú ọkọ̀ tí fíltà rẹ̀ wà lókè, ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí fíltà náà, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀, kí ọ́ìlì tí ó wà níbẹ̀ lè ṣàn padà sínú sọ́ǹpù. Bí ẹ bá fa ọ́ìlì tán kí ẹ tó tú u, díẹ̀ nínú ọ́ìlì àtijọ́ yóò ṣẹ́kù.

Ọkọ̀ tí ó ń yí gíà fúnra rẹ̀ máa ń ní ọ̀pá géèjì méjì nígbà mìíràn, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnì, ọ̀kan fún gíà. Corolla tí a sọ níṣàájú wà lára irú wọn. Bí ẹ bá ti róbà bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ́ìlì gíà ni ẹ óò fà jáde. Ọ́ìlì gíà fẹ́lẹ́, ó sì máa ń pọ́n. Bí ẹ bá rí nǹkan pupa nínú róbà, ẹ dáwọ́ dúró ní kíá.

Ẹ fi róbà wọn ọ̀pá géèjì, kí ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí wọ́n ti gùn bákan náà. Ẹ rọra tì í wọlé títí yóò fi kọjá àmì náà díẹ̀, tí ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti kan ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ó lè ká kò, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ lókè ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ wá fa pọ́ǹpù. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró bí ti ọmọdé tí ó ń fa ìsàlẹ̀ ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fa róbà sókè díẹ̀, ẹ tún tì í wọlé ní ìhà mìíràn, kí ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nísinsìnyí, ẹ ka nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì. Ká ní ọkọ̀ tí ó ń gba lítà 3.7 ni. Bí géèjì bá ti fi hàn níbẹ̀rẹ̀ pé ó kún, tí ó sì jẹ́ lítà 2.5 ni ó jáde, a jẹ́ pé róbà yín kò dé ìsàlẹ̀, ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ rọ gálọ́ọ̀nù lítà 4 lé e lórí, yóò pọ̀ jù, ọ̀pá tí ń yí nínú ẹ́ńjìnì yóò sì lù ú títí yóò fi máa hó bí ọṣẹ. Ọ́ìlì tí ó ń hó kò lè dáàbò bo irin. Ṣùgbọ́n bí géèjì bá ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé ọ́ìlì lọ sílẹ̀, tí lítà 2.5 sì jáde, ìròyìn mìíràn nìyẹn: ọkọ̀ yín ń jẹ ọ́ìlì tàbí ó ń jò, ó sì tó ohun tí à ń gbé lọ bá mẹkáníìkì. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì sínú ọpọ́n ní ẹ̀bá ọ̀nà, ta ni ó ń wọn ohun tí ó jáde? A mọ arábìnrin kan tí mẹkáníìkì rẹ̀ máa ń sọ fún un pé, "Mọ̀mí, ẹ má ṣèyọnu, ọkọ̀ yín kò ní wàhálà." Àfi ìgbà tí ó fi ẹ̀rọ fa ọ́ìlì fúnra rẹ̀ nílé ni ó tó mọ̀ pé lítà kan gbáko ń lọ láàárín sáfíìsì kan sí ìkejì.

Pípààrọ̀ fíltà kò le. Ẹ rí i dájú pé róbà àtijọ́ bá fíltà àtijọ́ jáde, kí ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa róbà tuntun lára. Èyí tí a ń yí bí ìdérí ìgò, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi fún un. Lẹ́yìn náà ẹ fi àrọ rọ ọ́ìlì tuntun, kí ẹ dín nǹkan bí ààbọ̀ lítà kù. Ẹ tan ẹ́ńjìnì. Iná pupa ọ́ìlì gbọdọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo géèjì, kí ẹ wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Géèjì ni onídàájọ́, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe. Èérún irin tí ó bá ti sùn sí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù kì í sábà gòkè wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí i bí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bá ń jò. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ bá ti fà á láti òkè, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan kí ó wo ohun tí yóò bá a jáde.

IRÚ Ọ́ÌLÌ TÍ A Ó RỌ

Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tí ó sọ pé ọ́ìlì tí ó ki ni ó dára fún ilẹ̀ olóoru. Bí wọ́n bá kọ 5W-30, òun ni kí ẹ wá. Fún Mercedes tí a sọ, ẹ wá èyí tí a kọ MB 229.3 tàbí 229.5 sí lára. Ẹ tún wo lẹ́tà méjì tí ó tẹ̀ lé API. SN jáde ní 2010, SP jáde ní 2020. Bí ẹ bá rí SF lára kẹ́ẹ̀gì, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1988 tó parí ni wọ́n ṣe é fún. Àti pé ẹni tí ó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ gbọdọ̀ yí ọ́ìlì rẹ̀ padà kíákíá ju ohun tí nọ́ńbà kìlómítà nìkan yóò sọ lọ, nítorí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn.

Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ bá lò tán, ẹ fi ọ̀bẹ dá a lu kí ẹ tó jù ú nù. Àwọn kan ń ṣa òfìfo kẹ́ẹ̀gì láti fi ta ayédèrú.

IBO NI Ọ́ÌLÌ DÚDÚ YÓÒ LỌ?

Nígbà tí a bá ń ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a kì í bi í léèrè ibi tí ọ́ìlì àtijọ́ gbà. Nígbà tí a bá ṣe é nílé, ọwọ́ wa ni ó wà. EPA, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti máa bójú tó àyíká, sọ pé ọ́ìlì tí a bá yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi tútù jẹ́. Ẹ wo bí kànga ṣe súnmọ́ ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹ má ṣe dà á sílẹ̀, ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà, ẹ má sì ṣe fi pa ajá tí ó ní èkùrá, nítorí yóò lá a. Ọ́ìlì tí a ti lò ní èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara bí ó bá ń kan ènìyàn lára léraléra fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọdé má baà ṣì í mu.

Ẹ rọ ọ́ padà sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, kí ẹ kọ "ọ́ìlì àtijọ́" sí i lára, kí ẹ sì gbé e fún mẹkáníìkì tí ó ń kó tirẹ̀ jọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Kì í ṣòro fún wọn láti rí ẹni gbà á: àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù a máa fi pa ara ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ́n, àwọn káfíńtà a sì máa fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà lè gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ohun èlò ọkọ̀, tí wọn yóò gbà á láì gba owó. Àwọn tí ó wà ní ìlú Ọba yóò gbé e lọ sí ibi ìkó-ìdọ̀tí-jọ ti ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Dídà á sí gọ́tà lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni.

Ẹ nu ẹ̀rọ náà mọ́, kí ẹ gbé róbà rẹ̀ kọ́ kí ó má baà ká. Nínú ìwé kékeré kan tí yóò máa wà nínú ọkọ̀, ẹ kọ déètì, iye kìlómítà, iye lítà tí ó jáde, iye tí ó wọlé, àti irú ọ́ìlì náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ ibi tí fíltà wà. Bí ó bá gbẹ, ẹ máa wà á lọ. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nílẹ̀, ẹ tún wo róbà fíltà náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.